Fáìlì físà ìyàwó ti wà ní Kánádà fún oṣù 16, kò mira. Kí ni kí n ṣe?

Adùnní Ìkéré

Ẹ kú ilé o, ọmọ Èkìtì kete. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ti tojú sú mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó ṣe àṣìṣe.

Winnipeg ni ọkọ mi wà. Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń mú àwọn tó mọṣẹ́ wọlé, ló bá lọ, ó sì di ẹni tó ní PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, ní oṣù kẹwàá 2022. A ṣe kọ́ọ̀tù ní Adó ní oṣù kejìlá 2023 nígbà tó wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó ṣe padà dé ọ̀hún, ó fáìlì fún mi ní oṣù kẹta 2024. Wọ́n ní kí n wá tẹ̀ka, mo wọkọ̀ lọ sí Èkó. Wọ́n ní kí n ṣe àyẹ̀wò ara, mo tún lọ. Láti ìgbà yẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí i wò lórí fóònù, bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tí kò tíì hó.

Àpótí méjì ni mo dì sábẹ́ ibùsùn lẹ́yìn àyẹ̀wò ara yẹn. Mo ti tú ọ̀kan lásìkò ọdún Àjíǹde, torí inú rẹ̀ ni aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ìyá ọkọ mi kì í béèrè mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọkùnrin kan wà ní Adó níbí tó máa ń báni ṣe ọ̀rọ̀ físà. Ó ní òun ní èèyàn nínú ọ́fíìsì wọn ní ọ̀hún tó lè fa fáìlì wa jáde lábẹ́ ti àwọn yòókù. ₦850,000 ló fẹ́ gbà, ìdajì ṣáájú. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Èmi ti ń wo ṣéènì ọrùn mi pé èló ló máa mú wá. Ṣé ẹnì kan ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Ọmọ Ìjerò

Àbúrò, má san án. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san ₦400,000 fún irú wọn. Oṣù méjì ni ẹni náà fi ń ju àwòrán ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì ìjọba lókè, ọjọ́ nísàlẹ̀, ohun gbogbo pé. Nígbà tí a fún un mọ́ra pé a fẹ́ bá èèyàn tó ní nínú yẹn sọ̀rọ̀, ó ní onítọ̀hún wà ní lìífù. Lìífù yẹn kò tíì parí títí dòní.

Bọ̀dé Adó

Kí ló dé tí ẹ ń gbé ara yín lọ́kàn sókè? Kí ọkọ yín san owó ìyára, èyí tí wọ́n ń gbà kí físà lè tètè jáde. £500 ni. Àbúrò mi san án fún ìyàwó rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni físà jáde. Ṣùgbọ́n kí ó rí i pé owó tó ń gbà lọ́dún pé £29,000 o, bí kò bá pé, wọ́n á dá a padà.

Ìyá Tòmíwá

Bọ̀dé, jọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù lo ń sọ. Winnipeg lobìnrin yìí pè. Pọ́n-ùn wo ni wọ́n ń ná ní Winnipeg?

Adùnní, má jẹ́ kí ó dàrú mọ́ ọ lójú. £29,000 yẹn jẹ́ ti UK láti oṣù kẹrin 2024, fún ọmọ ìlú ọ̀hún tàbí ẹni tó ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tó fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọkọ wá. Kánádà kò béèrè iye owó kan pàtó lọ́wọ́ ẹni tó ń pe ìyàwó rẹ̀. (Quebec ní ìlànà tirẹ̀, ìyẹn kò kàn yín.) Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kì í ṣe owó ìrànwọ́ ìjọba ni ọkọ ń jẹ, pé kò wọ gbèsè tí ilé ẹjọ́ fi kéde rẹ̀, àti pé ó fọwọ́ sí i pé òun á gbọ́ bùkátà ìyàwó fún ọdún mẹ́ta. Kò sì sí owó ìyára kankan lórí ìwé ìyàwó ní Kánádà. Owó ìwé tí a san lẹ́ẹ̀kan, àti dọ́là wọn 85 fún ìka, ó tán.

Bọ̀dé Adó

Ẹ má bínú mà. Mo rí "físà ìyàwó", ọwọ́ mi ti yára ju ojú mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìfàkì

Èmi á sọ tèmi o. Ẹ jẹ́ kí ọkọ wálé, kí oyún dé. Aláwọ̀ funfun kì í fi aláboyún ṣeré. Tí wọ́n bá rí i pé ọmọ ń bọ̀, wọ́n á sáré.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ló dá èmi dúró fún oṣù méje.

Mo lóyún nígbà tí fáìlì mi wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo dé ibi àyẹ̀wò ara, dókítà ní àyà mi kò ṣeé yà ní X-ray, àfi kí n bímọ tán. Kò sí X-ray, kò sí èsì. Kò sí èsì, fáìlì jókòó. Mo bí ọmọ tán, a tún gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọmọ kún un: ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, àyẹ̀wò ara tirẹ̀. Ẹ wo ọmọ oṣù mẹ́rin tí a ń gbé láti Ìdó lọ sí Èkó, tó ń ké láti Iléṣà títí dé Ìbàdàn, torí pé kí dókítà lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní orí, ó ní ẹsẹ̀.

Ọkọ mi ò tíì di ọmọ ìlú nígbà náà, PR ló ní. Ká ní ó ti di ọmọ Kánádà kí n tó bímọ ni, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ì bá yàtọ̀, ìwé ọmọ ìlú ni a ì bá gbà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ kó bímọ nítorí pé ó fẹ́ bímọ. Àmọ́ bí ó bá ti bí i, kí ó tètè sọ fún wọn. Ọmọ tí ẹ ò bá dárúkọ lónìí, wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ pè é lọ́la.

Ọmọ Ọyẹ́ ní Tòróńtò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Adùnní, kí ẹ tó ronú bí fáìlì ṣe máa yára, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó há sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, GCMS là ń pè é. Ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù kò tó nǹkan kan nínú rẹ̀. Òfin Access to Information fún ẹni tó wà ní Kánádà láyè láti béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀. Dọ́là 5 péré ni. Ọkọ yín ló máa béèrè, ẹ̀yin á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù IMM 5744 pé ẹ gbà kó rí i. Òfin ní kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ 30. Tèmi gba 52.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ rè é. Ìyàwó mi ti gbé Cotonou fún oṣù mẹ́jọ nígbà tó ń ta aṣọ. Ẹni tó bá gbé orílẹ̀-èdè kan fún oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ léra láàárín ọdún 10 sẹ́yìn gbọ́dọ̀ mú ìwé ọlọ́pàá ibẹ̀ wá. Ti Nàìjíríà nìkan la mú wá. Wọ́n ti kọ íméèlì béèrè rẹ̀, íméèlì náà wọ spam, ó sì lo oṣù márùn-ún níbẹ̀ tí èmi ń bú ìjọba Kánádà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

Ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò ara? Oṣù 12 ni èsì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ àárín 2024, ó ti kú nìyẹn. Ẹ má sáré lọ ṣe òmíràn fúnra yín, ẹ dúró kí wọ́n kọ̀wé.

Ti ọkùnrin Adó yẹn: ní Kánádà, ẹni tó bá ń gbowó láti báni ṣe irú ìwé yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn tàbí ẹni tó ní ìwé àṣẹ College of Immigration and Citizenship Consultants. Orúkọ wọn wà lórí ìkànnì fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ máa rí bí ojú rẹ̀ á ṣe rí.

Ó tún ku físà àbẹ̀wò. Láti 2023 ni wọ́n ti sọ pé àwọn á máa tètè dá ìyàwó tàbí ọkọ tí fáìlì rẹ̀ wà nílẹ̀ lóhùn lórí ìyẹn. Wọ́n ṣì máa ń kọ̀ ọ́ fún àwọn kan o, mi ò ní parọ́.

Bàbá Ìkọ̀lé

Ẹ gbà á láyè kó lọ bá aṣòfin àgbègbè tí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo mọ̀ sí fáìlì tó ń há ni orúkọ. Ti ìyàwó mi, ìwé ìrìnnà ní Oluwabusayo, ìwé láti National Population Commission ní Busayo, ìwé ilé-ìwé gíga tún gbé orúkọ bàbá síwájú. Èèyàn mẹ́ta ni lójú wọn. Ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn la fi tún un ṣe.

Ọmọ Ọyẹ́ ní Tòróńtò

Bàbá, òótọ́ ni ti orúkọ. Ṣùgbọ́n ti aṣòfin, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó máa rí gbà. Ọ́fíìsì wọn lè béèrè pé báwo lọ̀rọ̀ ṣe rí, wọn ò lè ní kí wọ́n gbé fáìlì kan kọjá òmíràn. Ìdáhùn tí mo gbà ni "ó ṣì wà lẹ́nu àgbéyẹ̀wò". Mo ti mọ ìyẹn kí n tó lọ.

Bàbá Ìkọ̀lé

Tèmi, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà ló bá mi rí i pé wọ́n fo álífábẹ́ẹ̀tì kan nínú àdírẹ́sì íméèlì tí wọ́n ní fún wa. Ọwọ́ èèyàn yàtọ̀ síra. Kó lọ.

Ọmọ Ìjerò

Mo gbọ́ pé èèyàn lè gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́?

Ọmọ Ọyẹ́ ní Tòróńtò

Ó ṣeé ṣe. Mandamus ni wọ́n ń pè é, Federal Court ni. Dọ́là 50 ni owó ìwé, ti lọ́yà ló ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ ni pé kí wọ́n ṣe ìpinnu. Kò sọ pé kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ní àbùkù, ó lè fi owó ara rẹ̀ ra "rárá" kíákíá.

Ìyá Tòmíwá

Adùnní, mo ti ń ro nǹkan kan láti àná. O ní kọ́ọ̀tù lẹ ṣe ní 2023. Ìdána ńkọ́? Ọmọ Ìkéré kì í lọ sí kọ́ọ̀tù kí bàbá rẹ̀ tó jẹ iṣu.

Adùnní Ìkéré

Ẹ ṣeun gan-an, mà. A ṣe ìdána. Oṣù kẹjọ 2022 ni, ní ilé wa ní Ìkéré. Ọkọ mi ò sí nílé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní físà tirẹ̀ ni, ó wà ní Èkó tó ń sá sókè sódò, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó lọ, bàbá mi sì ní ọjọ́ tí wọ́n ti mú kò ní yẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bá a dọ̀bálẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí àga, wọ́n wé fìlà sí i lórí. Alága ìjókòó ní kí n wá mú ọkọ mi láàárín èrò, mo bá gbé fọ́tò náà mọ́ àyà, gíláàsì rẹ̀ gbóná torí pé oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún.

Àwòrán ọjọ́ yẹn wà nínú èyí tí a fi ránṣẹ́ sí Kánádà. Bíi mẹ́wàá. Kí ló dé, mà?

Ìyá Tòmíwá

Nígbà tó wọ Kánádà ní oṣù kẹwàá 2022, ṣé ó kọ ọ́ pé òun níyàwó?

Adùnní Ìkéré

Ó kọ ọ́ pé òun ò tíì gbéyàwó. A ò tíì ṣe kọ́ọ̀tù nígbà náà.

Ọmọ Ọyẹ́ ní Tòróńtò

Ẹ jókòó, Adùnní, kí ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já.

Nǹkan méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, láti oṣù kẹfà 2015 ni Kánádà kò ti gba ìgbéyàwó tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò sí níbẹ̀ fún irú ìwé yìí, ì báà jẹ́ fọ́tò, ì báà jẹ́ fóònù. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kò pa yín lára, torí pé kọ́ọ̀tù 2023 lẹ fi ń béèrè, ọkọ yín sì wà níbẹ̀. Ìkejì ló le. Òfin wọn, ìlà 117(9)(d), sọ pé ẹni tó bá ní ìyàwó tàbí ọmọ tí kò dárúkọ rẹ̀ nígbà tó ń di PR, kò lè padà pè é bí ìyàwó tàbí ọmọ mọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àwòrán ìdána oṣù kẹjọ, tó wá rí "kò tíì gbéyàwó" ní oṣù kẹwàá, ìbéèrè tó máa bi ara rẹ̀ ò pọ̀.

Mi ò ní ibẹ̀ ló há sí. GCMS ló máa sọ. Ṣùgbọ́n kí ọkọ yín béèrè rẹ̀ lónìí, kó má di ọ̀la.

Bọ̀dé Adó

Ó rọrùn. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé ọjọ́ ìbí màmá lẹ ṣe ní 2022. Aṣọ ẹbí ṣáà ni, ta ló mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Bọ̀dé, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń lé ẹni tó bá parọ́ fún wọn. Ọdún márùn-ún, kò ní lè wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ àbẹ̀wò. Ọkọ rẹ̀ pàápàá lè wọ wàhálà lórí PR tirẹ̀. Alága ìjókòó tó di máìkì mú lórí àwòrán, ṣé ọjọ́ ìbí ló ń darí?

Ọmọ Ìjerò

Àmọ́ ẹ dákun, ìbéèrè gidi ni mo ní. Ṣé ìdána yẹn jẹ́ ìgbéyàwó? Ní ilé wa, tí wọ́n bá ti gba owó orí, ìyàwó ti di ìyàwó. Ọkọ wà ńlé, ọkọ ò sí ńlé.

Bàbá Ìkọ̀lé

Rárá o. Ìyàwó tí a kò tíì sìn lọ sílé ọkọ, ọmọ bàbá rẹ̀ ló ṣì jẹ́. Owó orí nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Fọ́tò ò lọ́wọ́ tí a lè fa ọmọ lé. Adùnní, ta ni wọ́n sìn ọ́ lọ bá lọ́jọ́ yẹn?

Adùnní Ìkéré

Kò sẹ́ni tó sìn mí lọ, sà. Ilé bàbá mi ni mo sùn lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni mo wà títí a fi ṣe kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn kọ́ọ̀tù ni wọ́n tó sìn mí lọ sílé wọn, wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ mi wà níbẹ̀. Owó orí náà, bàbá mi dá a padà, ó ní òun ò ta ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìfàkì

Dídá owó orí padà kò sọ pé kò gbà á. Gbogbo wa la ń dá a padà.

Ọmọ Ọyẹ́ ní Tòróńtò

Ẹ rí i? Bí àwa tí a ni àṣà náà bá ń jiyàn, báwo ni òṣìṣẹ́ tí kò dé Ìkéré rí á ṣe mọ̀ ọ́n bí ẹnì kan kò bá ṣàlàyé fún un? Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, lọ́yà tó mọ òfin ìgbéyàwó ìbílẹ̀ dáadáa. Ohun tí Bàbá Ìkọ̀lé sọ lè jẹ́ ìdáhùn yín, ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ náà sì ni òṣìṣẹ́ lè gbá mú. Ẹ má kọ nǹkan kan sí wọn fúnra yín.

Adùnní Ìkéré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Ọkọ mi gba GCMS. Ojú ìwé 38, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò yé wa, ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tó yé wa dáadáa: òṣìṣẹ́ náà rí àwòrán 2022, ó fẹ́ mọ ìgbà tí a di tọkọtaya gan-an. Àyẹ̀wò ara mi náà ti kọjá ọjọ́. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé fáìlì wà lábẹ́ ti àwọn yòókù, orí tábìlì ló wà.

Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ 30 ni wọ́n fún wa. Ọkọ mi ti rí lọ́yà ní Winnipeg, ó wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì ẹgbẹ́ wọn kó tó sanwó. Lọ́yà náà ní kí a sọ ohun gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, fọ́tò, fìlà àti gbogbo rẹ̀, kí bàbá mi àti ìyá ọkọ mi búra ní kọ́ọ̀tù lórí ìgbà tí wọ́n sìn mí lọ. Ìyá ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè padà. Ó ní ọjọ́ wo ni ká lọ, òun á wọ aṣọ tí òun wọ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Ọkùnrin Adó náà pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti bọ́ sí ₦600,000.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ìwé ìbúra bàbá mi, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n lè kọ ọ́ ní Yorùbá?

Bàbá Ìkọ̀lé

Wọ́n lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnì kan kà á fún un ní Yorùbá, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òun túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì yé e. Kí bàbá tẹ̀ka. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí èrò tó pọ̀.